Ìbéèrè Tó So Ọkọ̀ Wa Mọ́lẹ̀

Zion Pepe,
Etí Òkun.

Rejoice, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lówùúrọ̀, kí o jí ire o. Bó bá sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló dé, bàbá rẹ ní kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú ojú lọ́nà ilé. Omi kò ní gbé ọ lọ níbi tí kò ti sí omi. Àlàáfíà ni a wà. Ìyá rẹ ń yan edé lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé bá mi, nítorí náà bí o bá gbóòórùn edé lára bébà, òun náà ló kí ọ nìyẹn. Òkun tún ti jẹ díẹ̀ lára afárá pákó tó wà níwájú ilé Sólómọ́nì aládùúgbò wa, ṣùgbọ́n Sólómọ́nì ti sún ilé rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun kò lágbára ìjà.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí o ti fi ibi iṣẹ́ rẹ hàn mí nínú fóònù ni ọkàn mi kò ti sí nílé mọ́. Mo rí àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ nínú yàrá onídígí, tí ẹnu wọn ń lọ tí a kò gbóhùn wọn, bí ẹja inú ìgò. Mo bi ìyá rẹ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n jáde nírọ̀lẹ́, ó ní kí n má bi ọ́, pé ó lè jẹ́ ìwọ ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, jọ̀ọ́, máa tètè ṣí i fún wọn.

O ṣàlàyé fún mi pé iṣẹ́ tìrẹ ni kí o mọ irú òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ yín máa nílò ní ọdún márùn-ún sí àkókò yìí, kí ẹ tètè kọ́ wọn níṣẹ́, kí ẹ sì mọ ẹni tó máa rọ́pò ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún, èmi tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ni mò ń wò kí n tó mọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Mo dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fún ọmọ mi ní ẹ̀bùn ìríran, àti pé ilé iṣẹ́ ńlá ló ń sanwó fún un lórí rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lá àlá ọ́fíìsì yín. Nínú àlá náà, ọkọ̀ gígùn kan ni, n kò rí òpin rẹ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí omi tí kò ní ìgbì, ìwọ sì ń rìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yín tó jókòó sínú rẹ̀, o ń fọwọ́ kan èjìká wọn, ẹni tí o bá sì fọwọ́ kàn á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ wa omi.

Ni mo bá ní èmi náà á ṣe irú ètò yín nínú ọkọ̀ wa. Mo ní ìdí kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. O mọ̀ pé èmi ni mò ń tukọ̀ wa la ẹnu odò kọjá bọ́ sínú òkun, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀, ẹ̀mí ló máa bá a lọ. Láìpẹ́ yìí mo tu ọkọ̀ gun òpó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́. Mo ní ìgbì ló tì mí. Kò sí ìgbì lọ́jọ́ náà.

O ní bí ẹ bá fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́, ẹ máa ń kó wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọn ò ní ṣiṣẹ́, wọ́n á jẹun, ẹnì kan á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. A ò ní òtẹ́ẹ̀lì, iwájú ilé wa ni mo kó wọn sí: Lawrence tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, Godspower tó ń fa àwọ̀n, àti Promise tó máa ń wà níwájú ọkọ̀ nídìí ìdákọ̀ró. Ìyá rẹ ro púpurú, ó se ọbẹ̀ ẹja tútù, mo sì ra búrẹ́dì àti míńírà lé e. Lawrence ń bi mí pé kí la ń ṣe, mo ní kó máa jẹun. Nígbà tí wọ́n yó, mo dìde, mo ní ọmọ mi Rejoice tó ń rí ọdún márùn-ún níwájú ló rán mi sí wọn. Mo wá nawọ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ní, "Bí ìwọ kò bá sí mọ́, ta ni yóò dúró ní ipò rẹ?"

Háà, Rejoice. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Promise. Ṣé o mọ̀ pé nílé wa níbí, ẹni tó ń kú lọ la máa ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, lórí ẹní, lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní oúnjẹ tó wù ú. Godspower, géńdé tó ń fi ọwọ́ kan fa àwọ̀n, bú sẹ́kún. Lawrence ní òun kò ṣẹ̀ ọ́ rí, òun ló ń gbé ọ sọdá afárá nígbà tí o wà ní kékeré, kí ló dé tí o fi wá rí òun nínú ìran ikú. Mo ní kì í ṣe ikú, ètò ni. Wọ́n ní ètò ni ikú náà. Mo ní ṣé wọn ò gbọ́ ọ rí ni, pé bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó wá sídìí ọkọ̀. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ Màmá Adétutù, ìyá àdúrà ìjọ wa, ó sì ti ní kí wọ́n má wọ òkun títí ìran náà yóò fi kọjá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa kọrin lọ sí etí omi láìwọ bàtà. Bẹ́ẹ̀ àsìkò edé nìyí o, ọkọ̀ ẹlòmíì ń kún bọ̀, tiwa so mọ́ èbúté. Èmi nìkan á lọ sùn sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, á máa mì mí díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rò pé mo ti fi ẹnu ara mi pa iṣẹ́ bàbá mi.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn, tí mo lọ dúró sí ìparí afárá kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rí mi, tí mo bi ọ́ pé ẹni tí ẹ bá bi ní ìbéèrè yìí ní ọ́fíìsì, ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó kú. O rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já. O tún pè, o ní, "Bàbá, a kì í bi wọ́n kí wọ́n lè kú. Iṣẹ́ ni a ò fẹ́ kó kú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wọ́n lọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ. Màmá Adétutù dijú gbàdúrà, ó ní ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n bá padà wá, wọ́n sì dáhùn. Lawrence ní àbúrò òun Ọpẹ́fólúwa ti ń mọ ẹ́ńjìnnì tú. Promise ní òun á kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Nígbà tó kan Godspower, kò sọ tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ipò tiyín ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ìgbì lọ́jọ́ òpó yẹn, wọ́n kàn ń bá mi wọ òkun lọ bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ó dùn mí wọ egungun. Ìfẹ́ wọn náà sì wọ̀ mí lára. Mo gbé àjẹ̀ ńlá tí a fi ń tukọ̀, mo gbé e fún Godspower.

Lọ́jọ́ kejì a wọ òkun. Ìkùukùu bo ojú omi, Godspower la ẹnu odò já, ọkọ̀ ò tilẹ̀ mì. Mo bá bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti ń tukọ̀, iwájú ni ojú mi máa ń wà, n kò rí ìlú wa rí bí a ṣe ń kúrò níbẹ̀. Àwọn ilé dúró lórí òpó wọn nínú ìkùukùu, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé àwọn ló ń rìnrìn àjò. Mo rí nǹkan pupa kan. Mo ní ìró ìyá rẹ ni lórí okùn, bóyá òun ni, bóyá mo kàn fẹ́ kó jẹ́ òun. N kò mọ̀ bóyá oorun ló ń kùn mí tàbí ẹkún.

Ọmọ mi, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo ẹ́ńjìnnì, àti èyí tí n ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Igbókọ̀dá, kí o sì rántí owó àbẹ́là tí Màmá Adétutù ń tàn gbàdúrà fún wa. Ọlọ́run tó fi ọ̀nà sínú omi yóò fi ọ̀nà sí ìlú tí o wà. O kò ní sọnù láàárín èrò. Ọwọ́ tí o fi ń to àwọn èèyàn kò ní rọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ. Orí àwọ̀n ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí Godspower kọ́kọ́ tukọ̀, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ju àwọ̀n, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo lọ síwájú ọkọ̀, Promise fẹ́ gbé ìdákọ̀ró, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́yìn, nídìí àjẹ̀ ńlá, Godspower sì sáré dìde fún mi, mo ní rárá, jókòó. Mo wà lórí ìdúró títí a fi dé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò yìí, ẹni tí ẹ bá ti rí arọ́pò rẹ̀, níbo lẹ máa ń ní kó jókòó sí?

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́rundáre.