Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Olófòófó

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Olófòófó, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tá a ń ṣe níbi iṣẹ́, ti jáde. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan, kò tó àtàǹpàkò. Ojú ọ̀nà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tíntìntín tá a kó síbẹ̀ á dì í mú, wọ́n á sì tàn. Ọ̀gá ní ó ku ká fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le dán an wò — ìyẹn ò gbọ́dọ̀ tàn, kí Olófòófó dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ wá fún mi níbi iṣẹ́, ló bá na apá. “Ẹ fa tèmi. Ṣé mo jọ aláìsàn?” Ó ní ká má fà á tán o, òun ṣì ń lò ó.

Ọjọ́rú, 5
Ó tàn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọ̀gá ní gíláàsì ló bàjẹ́. Mo mú òmíràn — ó tàn. Mo fi ẹ̀jẹ̀ tèmi sí i — òkùnkùn biribiri. Mo tún da tirẹ̀ sí i. Ó tàn. Mo fọ ife tíì. Mo tún un fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ ló ń ká. Mo ní bóyá irọ́ ni gíláàsì ń pa, kó ṣáà rí dókítà. “Àbúrò, ojú ẹ ò jọ ojú ẹni tó rò pé irọ́ ni.” Mo bá a ká ìyókù aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Jẹjẹrẹ wà lára ìfun, kò tíì tóbi. Dókítà ní orí rẹ̀ bá a ṣe é. Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó pàtẹ́wọ́: “Ó ṣiṣẹ́!” Ẹ̀yìn ìyẹn ló rántí ẹ̀gbọ́n ta ni. Ó ní kí n má bínú. N ò bínú. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé, 24
Wọ́n ti gé e kúrò. Omi ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bèèrè nígbà tó jí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin
Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wa láàárọ̀, ká wò ó bóyá ó ti mọ́. Ọ̀gá ti ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù kí n tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà dé ibi iṣẹ́. Ó ní gbogbo ọjọ́ tí dókítà bá dá lòun máa lọ. “Ṣùgbọ́n nǹkan yín yẹn, má fi ẹ̀jẹ̀ mi sínú ẹ̀ mọ́. Látìgbà tó ti sọ̀rọ̀, mi ò sùn. Jẹ́ n sùn.”
Mo ní, “Ó dáa, ẹ sùn.”
Mo dé ibi iṣẹ́, mo da ẹ̀jẹ̀ náà nù lójú Ọ̀gá. Mo gbé báàgì mi, mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ọ̀sán gangan — ó ti sùn lọ, ó ń hanrun. Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omijé wá dé.