Ẹkún Ìyá Mi Nínú Orin Keje

Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú 2024

Álíbọ́ọ̀mù kẹta Elvire, ọ̀rẹ́ mi, ti dé! "Omi" ló pè é. Narcisse, ọ̀gá wa ní rédíò Ìdàáṣà níbí, ló mú un wọlé. Àkùkọ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kì í yé kọ. Ó ń pariwo káàkiri: "Ọmọ Ìdàáṣà ti ṣe é o!" Èmi ni mo ń ṣe ètò orin ọ̀sán, nítorí náà èmi ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Elvire. Ìlù hípọ́ọ̀pù lábẹ́, ohùn sóòlù lórí. Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọjà la ti ṣe àkọ́kọ́, "Ẹsẹ̀ Òkè". A fi aṣọ ìbora dí fèrèsé kí ariwo alùpùpù àwọn zẹ́mìjàn má bàa wọlé, èmi ni mo ń gbè é. Kútọnu ló ti ṣe ìkejì, èmi kò sí níbẹ̀. Mo ti gbọ́ orin mẹ́fà nínú tuntun yìí. Ó dùn. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Bélú

Orin keje.

Ìlù kọ́kọ́ wọlé, ó wúwo, ó rọra. Lẹ́yìn náà obìnrin kan ké: "Ta ni n ó máa bu omi fún?"

Ìyá mi ni. Ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó mí sínú — ó wà níbẹ̀. Ẹkún tó sun lórí pósí Bàbá ní abúlé Soclogbo ni, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Bàbá mi, Léon, tó jẹ́ pé bó bá ti oko dé, Ìyá yóò ti bu omi ìwẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Elvire wá síbi ìsìnkú yẹn. Ó fi ọwọ́ kan dì mí mú. Ọwọ́ kejì — fóònù pòtábù rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó gé ẹkún náà bí ẹni gé iṣu. "Bu omi — bu omi — bu — bu — bu omi!" Òun wá ń fi Faransé dá a lóhùn pé ara òun ń gbóná, kí olólùfẹ́ òun wá tu òun lára.

Mo jáde lọ bì lẹ́yìn ilé. Gbogbo àkàrà àárọ̀.

Ọjọ́rú, 6 Bélú

N kò tíì sọ fún Ìyá. Ó ní ṣé ibà ni. Mo ní ibà ni.

Ọjọ́bọ̀, 7 Bélú

Mo sọ fún Àkùkọ pé n kò ní fi orin keje sórí afẹ́fẹ́. Ó ní kí ló dé. Mo ṣàlàyé. Ó tẹ orí ba, mo rò pé ojú ló ń tì í. Àṣé inú rẹ̀ ló ń dùn. Ó ní, "Odile, ohùn Màmá ni? Ah, c'est magnifique! A ó pe Màmá wá sórí ètò kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀!"

Itọ́ kún mi lẹ́nu. N kò tu ú sí i lára. Ó yẹ kí n ti tu ú.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi orin náà sí i. Àwọn èèyàn ń pè láti abúlé Tré, láti Gbaffo, pé kó tún un fi sí i. Ó ń tún un fi sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Bélú

Ijó ti wà fún un báyìí. Wàá dá ìdí sẹ́yìn, wàá fi eyín já ọ̀rá omi, wàá dà á sí àyà ara rẹ, wàá máa gbọ̀n. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ọjà ló kún fún ọ̀rá tí wọ́n ti já. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe é, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ẹran!

Ìyá fẹ́ ra òkúta iná tọ́ọ̀ṣì. A yà sí ọ̀dọ̀ Ràsáàkì tó ń ta pòtábù, tó sì ń fi orin sí i fún àwọn èèyàn. Ohùn ń ti inú àpótí rẹ̀ jáde. Ìyá gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dúró. Kò mira.

Ràsáàkì rí ojú rẹ̀, ó pa orin náà. "Màmá, ṣé kò sí?"

"Èmi ni," ni Ìyá wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni mo ń sunkún yẹn. Ọjọ́ tí a sin ọkọ mi ni."

Ràsáàkì gbé ọwọ́ lórí. "Àsìtàgàfúrù! Ẹkún òkú! Màmá, ẹ forí jì mí, n kò mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tà á." Ó pa orin náà rẹ́ lójú wa. Kò gba owó òkúta iná. Nínú gbogbo èèyàn tí mo bá pàdé lọ́sẹ̀ yìí, òun nìkan ni ojú tì.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Bélú

Ìyá lọ Mísà, ó bọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀ sẹ́yìn òkè. Gbólóhùn kan ló sọ: "Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Bélú

Mo pe Ẹlẹ́nu-oyin. (Elvire nìyẹn. Ìgbà tí mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.) Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ kí i kú oríire. Nígbà tó yé e, ó ní ọ̀wọ̀ ni òun fi fún Bàbá. Mo ní ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi ìdí ṣe? Ó ní ijó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní òun sunkún ní sitúdíò. Ó ní Bàbá Léon tọ́jú òun ju ẹni tó bí òun lọ. Òtítọ́ ni, iṣu wa ló jẹ dàgbà. Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára.

Mo ní, kí ló dé tí o kò tọrọ?

Ó ní: "Tí mo bá tọrọ ni, ẹ ò ní fún mi."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Bélú

Mo gbọ́ álíbọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́.

"Ẹsẹ̀ Òkè" — a kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Ewúrẹ́ ń ké lábẹ́ orin kẹta, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń fọ́ níbi tó yẹ kó fọ́. Ohun tó ń dùn ún ló ń kọ. Ìkejì mọ́ bí abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi jẹun: ọkọ̀, òkun, ọkùnrin olóòórùn dídùn. Kò sí ohun tó dun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òun náà mọ̀. Torí náà ló ṣe wá jí ìrora onírora fún ẹ̀kẹta.

Èyí tó burú jù: orin keje dára. Ó dára ju gbogbo ohun tó ti kọ lọ. Ibi tí ìlù ti dákẹ́, tí Ìyá mí sínú — gbogbo ara mi dìde. Nígbà tí mo yọ ẹ̀rọ létí, ẹsẹ̀ mi ṣì ń lu ilẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni wo ìdin lára ẹran.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Bélú

Dorothée, àbúrò Ìyá, kú ní Gbaffo. Àárọ̀ yìí ni wọ́n bá a lórí ẹní. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún un.

Ìyá ni àgbà obìnrin ilé wọn. Òun ló ń ṣíwájú ẹkún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí òkú wa tó wọlẹ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀. "Ta ni n ó máa bu omi fún?" Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí òun náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Bélú

Gbaffo.

Fadá ti ṣe tirẹ̀ tán. Wọ́n gbé Dorothée sẹ́bàá ihò. Àwọn obìnrin yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń retí Ìyá. Ó tú gèlè, ó so ó mọ́dìí, ó mí sínú. Ikọ́ kékeré yẹn. "Ta ni n ó máa bu omi—"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn dáhùn, "Bu omi!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀rá tó já. Ṣáá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọtí sódábì ti gun orí rẹ̀, ó da omi sí àyà, ó dá ìdí sẹ́yìn lẹ́bàá ihò òkú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà bú mọ́ wọn, wọ́n sá. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́.

Ìyá pa ẹnu dé. Wọ́n dúró dè é. Kò là á mọ́. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí pósí, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ kedere, torí kò sí ohùn kankan tó bò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Bélú

Ìyá kò jẹun. A sin Dorothée bí ẹni sin adìyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Bélú

Àkùkọ kọ: Elvire ń bọ̀ wá ṣe kọnsáà ní pápá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, èmi ni n ó máa darí ètò. Mo gbà. N kò mọ ìdí.

Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ dójú tì í níwájú gbogbo ìlú.

Ọjọ́bọ̀, 28 Bélú

Elvire wá sílé. Ìrẹsì àpò kan, aṣọ olówó iyebíye, òórùn lọ́fíńdà tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹnì kan ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gbaffo fún un. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò dìde, ó ń sunkún. N kò gba ẹkún náà gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. N ó yọ orin náà kúrò. N ó pa á rẹ́ pátápátá."

Ìyá ní, "Ṣé wàá yọ ọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Gbaffo pẹ̀lú?"

Elvire gbé ojú sókè: "Kí ni kí n wá ṣe, Màmá?"

"Lọ́jọ́ Sátidé, kí o tó kọ ọ́, sọ ẹni tí mo ń sunkún fún. Sọ pé òkú ni. Dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó ṣèlérí. Ó fi Bàbá búra. Ìyá ní kó gbé ìrẹsì àti aṣọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó lọ bu iyán wá fún un, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Elvire jẹ ẹ́ tán. Ó lá ìka. N kò lè wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Bélú

Ó mú ìlérí ṣẹ. Ká ní kò mú un ṣẹ ni, ì bá sàn.

Ìyá jókòó lórí àga níwájú, ó wọ aṣọ opó rẹ̀. Èmi ni mo pe Elvire jáde. Mo ti ní ọ̀rọ̀ ìdójútini lẹ́nu, mo gbé e mì, mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ó ní kí ìlù dúró. Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa: "Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú orin yìí, ẹkún opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń sunkún fún. Ó ti kú. Léon lorúkọ rẹ̀. Ẹ bá mi bọ̀wọ̀ fún un."

Pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wo Ìyá. Mo rò pé ó parí.

Ni ẹnì kan bá kígbe láti ẹ̀yìn: "Léon!" Òmíràn gbà á: "Léon!" Gbogbo pápá mú un. Lé-on! Lé-on! Àtẹ́wọ́ wọ̀ ọ́. Onílù tẹ̀lé àtẹ́wọ́. Mo wá wo Elvire, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà — mo mọ ojú yẹn láti yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ìgbà tí orin tuntun bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò lè jà á. Mo rò pé kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó gbé ẹ̀rọ ohùn sẹ́nu: "Léon ò, bu omi! Léon ò, bu omi!" Ọ̀rá já níbi gbogbo. Omi ń fò. Orúkọ bàbá mi wà lẹ́nu àwọn tó ń ju ìdí nínú ẹrọ̀fọ̀. Inú Elvire ń dùn. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Ìyá dìde, ó gbọn omi kúrò lára aṣọ opó, ó rìn lọ. Mo ju ìwé ètò sílẹ̀, mo tẹ̀lé e. Àkùkọ ń pè mí. N kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Ọ̀pẹ

Ìyá ní ká lọ Gbaffo lọ́la. Mo ní kí la tún fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Dorothée kò tíì gbọ́ mi."

Ọjọ́ Ajé, 2 Ọ̀pẹ

Àwọn obìnrin ilé nìkan. Ìyá ní kí gbogbo wa fi pòtábù sílẹ̀ nílé, kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òkè funfun lókèèrè. A yí sàréè ká.

Ó la ẹnu. Kì í ṣe "bu omi". Ó ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, bí èèyàn ṣe ń fi aṣọ tí ajá ti yàgbẹ́ sí sílẹ̀ fún ajá. Ọ̀rọ̀ tuntun ló mú wá, n kò gbọ́ ọ rí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ ọ rí. Ó sọ ọ́ parí. Kò sẹ́ni tó gé e. Ìyàwó ọmọ Dorothée wó lulẹ̀. Èmi náà sunkún, fún Dorothée, fún Bàbá, àti fún Elvire tí mo ń gbè nígbà kan. Ìyá sun ẹkún náà títí ohùn fi há, ó wá ní ebi ń pa òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Ọ̀pẹ

Mo lọ sí rédíò lọ kó ẹrù mi. Àkùkọ ti gbọ́. Gbaffo kò jìnnà. Ó ní wọ́n ní Màmá ní ẹkún tuntun. Ó ní ṣé mo gbà á sórí ẹ̀rọ. Mo ní rárá. Ó pòṣé. Ó fi bébà síwájú mi, ó ní ó kéré tán, kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé.

N kò kọ ọ́ fún un. N kò ní kọ ọ́ síbí náà.