Lẹ́búlẹ́bú Irin Tí Ọ̀mọ̀wé Mùíbì Sá Sóòrùn

Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Ọmọ Yorùbá,
Bwari, Abuja.
Oṣù Kẹta, 1989.

Sí Àlhájà Gàníyátù Àlímì àti àwọn ọmọ, Ògbómọ̀ṣọ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí a kò lè fi pamọ́ fún yín, ni ẹgbẹ́ wa fi gbọ́ pé Ọ̀mọ̀wé Mùíbì Àlímì, ọkọ yín, bàbá àwọn ọmọ yín, ti dágbére fáyé. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹnu lásán ni a fi ń kí i, ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ilé ti rí láti ọjọ́ náà.

Ọ̀mọ̀wé ni ó bá wa wá yàrá tí a ń ṣèpàdé sí nígbà tí Bwari ṣì jẹ́ igbó àti eruku. Òun náà ni ó fi sùúrù ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní èdè tí ìyá arúgbó lè gbọ́. Ó ní omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò lè rí, a sì máa wá bà lé lẹ́búlẹ́bú pupa tí irin ń dà bí ó bá dógùn-ún. Ohun tí ó ń wádìí ni bóyá omi náà ń dúró lódindi níbẹ̀, àbí ó ń pín sí méjì, kí apá kan di irin mú, kí apá kejì lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi ìbéèrè yìí ni ìtìjú ti wọlé.

Ní ọdún 1985, Ọ̀mọ̀wé Rísíkàt Ọláídé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan náà, sọ fún ẹgbẹ́ pé òun ti rí i pé omi ń pín. Ọ̀mọ̀wé Mùíbì dìde. Ó ní òun náà ti dán an wò, odindi ni omi ń dé, odindi ni ó ń padà. Ó ní kí Rísí lọ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ó tó máa sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín, a kò ní purọ́ fún yín. Rísíkàt kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń kọ́ni ní Ìlọrin.

Àṣé ẹ̀rọ Rísíkàt kò ní àléébù kankan. Iná mànàmáná kì í dúró ní Bwari nígbà náà, ààrò tí Ọ̀mọ̀wé ìbá fi yan lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, kí omi àtijọ́ lè kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dán an wò, kì í gbóná tó. Rísíkàt a máa dúró de iná kí ó tó yan tirẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀, ó bá tẹ́ ẹ sórí àwo, ó sá a sóòrùn ọyẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń sá èlùbọ́. Èlùbọ́ a máa gbẹ bẹ́ẹ̀. Ti irin kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ó wà lódindi bá oòrùn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pín tẹ́lẹ̀ dì mọ́ ọn pinpin, iná gidi nìkan ni ó lè lé e. Ó ti gba gbogbo ojú lẹ́búlẹ́bú náà, omi tuntun tí ó dé kò wá ríbi pín sí. Òun ni Ọ̀mọ̀wé fi rò pé omi kì í pín rárá.

Nígbà tí iná wá dúró, ó yan án bó ti yẹ, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀. A gbọ́ lẹ́nu yín pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí ó bi í, ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó bẹ Rísíkàt pé kí ó bá òun wá sí ìpàdé wa. Níbẹ̀, lójú gbogbo wa, bàbá tí irun rẹ̀ ti funfun dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kíá ni Rísíkàt kúnlẹ̀ tì í, ó ní, “Ẹ dìde, sà, ẹ má ṣe báyìí sí mi.” Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. A kò mọ ibi tí a ó kojú sí.

Rísíkàt padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ kò jókòó níwájú mọ́, a fi ipò alága lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ní gbogbo ìpàdé ni ó ń kọ́kọ́ kí Rísíkàt, yóò sì rọra béèrè bóyá ó ti yọ́nú sí òun. Rísíkàt a ní, “Ẹ jẹ́ ó ṣe díẹ̀ ná, sà.”

Ní ìpàdé tí ó kẹ́yìn, Rísíkàt ti yọ́nú. Láti ilé ni ó ti mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Nígbà tí ó dé, èrò pọ̀, ojú tì í, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó di ìpàdé tí ń bọ̀. Ìpàdé tí ń bọ̀ kò bá bàbá láyé. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti Rísíkàt, ojú sì ń ti àwa tí a rẹ́rìn-ín.

Àlhájà, àwọn ọmọ yín di ọmọ wa. A ó wà pẹ̀lú yín níbi àdúà ogójì ọjọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀mọ̀wé fi sílẹ̀, Rísíkàt yóò parí rẹ̀, orúkọ Mùíbì Àlímì ni yóò sì ṣíwájú tirẹ̀ lórí ìwé náà.

Kí Ọlọ́run Ọba tu yín nínú, kí Ó dì yín mú, kí Ó ṣílẹ̀kùn Aljánnà fún un. Kí Ó dárí gbogbo àṣìṣe rẹ̀ jì í, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé wa, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí, ti dárí jì í.

Àwa tí a ń bá yín kẹ́dùn,

Mùkáílà Ṣítù, alága.
Rísíkàt Ọláídé, akọ̀wé.