Ìdájọ́ Mi Lórí Tìróò Aláwọ̀ Méjìlá

Abà Onírókò,
lẹ́bàá Ìkirè.

Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Bí ìwé yìí bá bá ọ láàárọ̀, mo ní o kú àárọ̀, bó bá sì jẹ́ ìgbà tí o ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo ní o kú iṣẹ́, o kú ọ̀nà, o kú ìnira àwọn ọkọ̀ ńlá tó dí gbogbo Àpápá pa. Ṣé ara le? Ṣé Ejiroghene tí ẹ jọ ń gbé l'Ájégúnlẹ̀ wà dáadáa? Bá mi kí i, mo sì dúpẹ́ ẹja gbígbẹ tó fi ránṣẹ́. Olúwa tó mú ọ dé Èkó láìfẹsẹ̀kọ kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Àwa náà wà. Orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ìyá Gbénró tó wà lódìkejì wa, nítorí náà mo dúpẹ́. Wọ́n ti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tán, adìẹ ọlọ́rùn bíbó sì ti pa ọmọ mọ́kànlá.

Mọ́rúfù tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé ti gbé ẹrù rẹ dé. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin lòun fi wà lórí ìlà ní èbúté Tin Can kí wọ́n tó dá òun sílẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí òun ni àpótí pẹlẹbẹ inú rẹ̀ sì wà kí oòrùn má baà bà á jẹ́. Máa gbàdúrà fún ọmọ náà.

Mo ka ìwé tí o fi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ìwọ àti Ejiroghene fẹ́ fi gbogbo owó àjọ ọdún méjì yín ra odidi páálí irú áíṣádò yìí lọ́wọ́ Dickson, ọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. O ní ìpéǹpéjú ni wọ́n ń kùn ún sí, pé bó bá jẹ́ ojúlówó, àwọn ìyàwó ọ̀gá ní Àpápá GRA á máa wá kun ojú ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Olodi-Apapa, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ayédèrú, owó á lọ, orúkọ á tẹ̀lé e. Dickson fi ẹyọ kan yá yín wò, ó ní kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọ wá ní kí èmi bá ọ wò ó, nítorí pé èmi ni mo fi ọgbọ̀n ọdún lọ tìróò tà. Ṣìkẹ́mi, o ṣeun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́ mi. Inú mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi joyè lọ.

O ní kí n fi fóònù dá ọ lóhùn. Mo gbé fóònù náà síwájú àpótí fún bíi wákàtí kan kó lè wò ó dáadáa, mo sì ń ṣàlàyé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un, àfìgbà tí Regina, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, wọlé, tó ní fóònù náà ti kú láti àná. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ̀yìn àpótí náà ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ya agolo kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n kọ méjìlá sí i lára. Mo ka àwọ̀ inú rẹ̀, ó pé méjìlá, ó sì yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé oṣù kan, àwọ̀ kan ni. Aláwọ̀ eérú ni ti Oṣù Kẹjọ nítorí òjò, aláwọ̀ ewé ni ti Oṣù Karùn-ún. Regina ní rárá, wọ́n ní kí èèyàn lò ó tán láàárín oṣù méjìlá tó bá ti ṣí i ni. Mi ò bá a jiyàn. Abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Wọ́n tún ya ehoro kan síbẹ̀. Regina ka ìwé rẹ̀ fún mi, ó ní àwọn tó ṣe é sọ pé àwọn kò dán an wò lára ẹranko kankan. Ẹnu yà mí. Ohun tí ẹyọ kan rẹ̀ tó owó ewúrẹ́, wọn ò dán an wò, wọ́n sì tún ń fi yangàn. Mo ní kò burú, bóyá wọn ò ní ẹranko nítòsí. Mo so ewúrẹ́ wa mọ́lẹ̀, mo kun aláwọ̀ ewé sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún. Kò fi ẹsẹ̀ họ ọ́, ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò sì ṣomi, ìyẹn ni pé kì í ta ojú. Ọjọ́ méjì ló fi ń gbé iye owó ara rẹ̀ kiri àdúgbò lójú, ìyá Gbénró sì wá bi mí ọjọ́ tí ìyàwó ń lọ sílé ọkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Mo fi àtàǹpàkò ra á mọ́ ìka, nítorí tìróò tí kò bá kúnná, bó ti wù kó dúdú tó, ìka á gbọ́ yanrìn nínú rẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kúnná ju èlùbọ́ lọ. Mo fi pa aṣọ funfun, mo gbọn aṣọ náà, kò já bọ́. Mo fi sẹ́yìn ọwọ́, mo lọ ro oko ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí, òógùn kò kó o lọ. Èyí tó ń dán yinrinyinrin nìkan ni kò dáa tó, ó ń já bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ bóyá á kúnná sí i. Kò kúnná, ata tí mo lọ tẹ̀lé e ló wá ń dán.

Ó wá ku ìdánwò kan tí ìyá mi fi kọ́ mi. Alátìróò kò gbọ́dọ̀ ta ohun tí kò bá kọ́kọ́ lé sójú ara rẹ̀. Ọmọ mi, ibí yìí ni mo ti jẹ ọ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo fi tìróò sílẹ̀ lọ́dún tí bàbá rẹ kú, mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ọjà ló kú. Ọjà kò kú. Èmi ni mi ò lè lé e sójú mi mọ́, mi ò sì lè máa ta ohun tí mi ò lè lé.

Ṣùgbọ́n o ti bẹ̀ mí níṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí àpótí náà. Dígí kan wà nínú ìdérí rẹ̀, mo ti rò pé wọ́n fi síbẹ̀ kí oníbàárà lè rí ojú ara rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á ni. Mo fi ìka kun èyí tó pọ́n bí obì sí ojú mi méjèèjì. Nígbà tí mo wo dígí, mo rí obìnrin kan tí mo mọ̀ tipẹ́. Bàbá rẹ máa ń sọ pé iyọ̀ lòun wá rà lọ́jà Ìkirè lọ́jọ́ náà, ojú mi ló jẹ́ kí òun gbé tìróò lọ sílé, òun tí kò lé tìróò rí. Mo sunkún, Ṣìkẹ́mi. Mo sunkún títí iṣu fi jóná. Nígbà tí mo gbójú sókè tí mo tún wo dígí, kò ṣàn, kò yọ́, ibi tí mo fi í sí náà ló wà.

Nítorí náà, ojúlówó ni. Ẹ ra páálí náà, ṣùgbọ́n ẹ ní kí Dickson dín owó àwọ̀ tó ń dán yẹn kù. Kí ìwọ àti Ejiroghene sì kọ́kọ́ kùn ún sójú ara yín kí ìyàwó ọ̀gá kankan tó jókòó síwájú yín.

Ní ti kí n dá ẹyọ yìí padà lọ́jọ́ Ẹtì, má bínú, kò ní padà. Jọ̀ọ́ bá mi san owó rẹ̀ fún Dickson, kí o yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ mi. Mo ní ẹ̀gẹ́, mo ní adìẹ, ebi kò ní pa mí. Bí nǹkan díẹ̀ bá ṣẹ́kù, fi rán Mọ́rúfù sí mi, mo fẹ́ ra òkúta tìróò, nítorí èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn kò ní tó tà ju ọjọ́ ọjà méjì lọ.

Olúwa yóò fi ojú rere wò ọ́. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ. Ọmọ tìrẹ náà yóò mọ iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ ogbó rẹ, yóò sì bi ọ́ léèrè nípa rẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláyọ̀ Alátìróò.