Ọ̀rọ̀ Tí Mo Tún Ṣe fún Yín ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Màámi àtàtà,

Ilé wa ní Mpape ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ṣì ń bà lé gbogbo aṣọ tí mo bá sá. Mi ò ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyàwó pásítọ̀ béèrè pé kí ló dé, mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí. Irọ́ ni.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń dà yín láàmú yẹn, 'felt'? Ẹ ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó tì yín pẹ̀lú ìwé. Mo ní ẹni tí òtútù mú lánàá, 'felt' ni yóò fi sọ ọ́. Ẹni tí ara ń ro, 'felt' náà ni. Ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ bóyá ó ti gbẹ, ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ẹni tó rò pé nǹkan kan ò dáa, 'felt' ni gbogbo rẹ̀. Ẹ pòṣé.

"Kai! Ẹyọ kan ṣoṣo? Àwọn òyìnbó yìí mà ṣahun o!"

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù.

Ẹ fẹ́ fẹnu ara yín jẹ́rìí, láìsí èmi tí ń túmọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ẹ gba máìkì, ẹ ní, "I feeled the hand of God." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mi ò tiẹ̀ rò ó, mo na ọrùn sí máìkì, mo ní, "Felt." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mama, your teacher don mark you!" Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, ẹ lọ jókòó. Ẹ ò bínú. Ì bá sàn ká ní ẹ bínú. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò sọ òyìnbó lójú ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí ló dé tí mi ò tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí ọsibítù? Ẹ ti sọ fún mi ní Yorùbá pé ó ń ṣe yín bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé yín láyà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ fún mi pé dókítà bi yín ní òyìnbó bó ṣe ń ṣe yín, ẹ ní, "Fine, sir." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi yín. Ló bá ní kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ ò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ṣé ẹ ń wá ọ̀rọ̀ náà ni, Màámi? Àbí ẹ rí i, tí ẹ wá ń bẹ̀rù pé wọn á fi yín rẹ́rìn-ín? Àbí ó kàn ti rẹ̀ yín ni?

Dókítà yẹn ì bá mọ ohun tí 'feeled' ń sọ. Kò sí ẹni tí kò ní yé. Ó yé èmi náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún un ṣe.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ẹ̀bẹ̀ yìí lọ.