Iṣu Tí A Gbìn sí Páàkì Yín

Pira, ìparí oṣù kẹfà

Ganiath ọmọ mi,

Mo kí ọ. Inú ń bí mi o, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi kò tíì pọ̀ tó èyí tí yóò sọ mí di aláìkíni. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ṣé omi kò wọ ilé tí o ń gbé ní Kùtọnù, nítorí a gbọ́ pé ìsàlẹ̀ ni òjò ti ń wọlé lọ́dọ̀ yín? Kí Allah fi ọ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀, kí ó pa ọ́ mọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmín. Ìkíni tán. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà níbí yìí, ṣùgbọ́n màmá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn ilé, pé lẹ́tà tó bá ti òkè gbé ìbínú wá, ọmọ lè má kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìròyìn ilé nìyí. Orúnkún màmá rẹ ṣì ń dùn ún, ó sì ṣì ń lọ sóko. Ewúrẹ́ rẹ̀ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Sakinatou àbúrò rẹ ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Bantè, ó ti ń ránṣọ fúnra rẹ̀, aṣọ tó kọ́kọ́ rán fún mi há mi lábíyá, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òjò pẹ́ kó tó dé. Élisée, ará ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní ìdí ibùdókọ̀, ti ra pátákó tó ń gba iná lára oòrùn, gbogbo wa la ń gbé fóònù lọ síbẹ̀ kó fún wọn ní iná jẹ. Ìròyìn ilé tán. Màmá rẹ ti lọ pọnmi, jẹ́ kí n wá sọ tẹnu mi.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn gbà ọ́ síṣẹ́ ní Kùtọnù, ìwọ lo sọ fún wa pé iṣẹ́ rẹ ni láti máa fi fídíò sọ fún ayé bí wọ́n ṣe ń kọ́ páàkì, ọgbà ìṣeré ńlá tí wọ́n fi sí ìdí òkè wa níbí, lójú ọ̀nà Pira sí Bantè, àti bí ọgbà náà ṣe ń pààrọ̀ ọ̀ṣọ́ láti àsìkò dé àsìkò. Mo dúpẹ́ nígbà náà. Mo sọ káàkiri pé ọmọ mi ni agbẹnusọ páàkì. Ṣùgbọ́n ìwọ wà ní Kùtọnù, èmi ni mò ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sì lè sọ fún ọ pé àwọn èèyàn yín kò mọ àsìkò rárá. Nínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa là, tí eruku bo òkè mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń tu ọṣẹ híhó sójú ọ̀run, wọ́n ní yìnyín ìlú òyìnbó ni. Ọmọ olówó ń jó nínú ọṣẹ, kò sì sí ẹnìkan tó fi fọ nǹkan. Màmá rẹ gbé bàsíà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó ní ọṣẹ kì í ṣe ohun à ń dà nù, ó fi èyí tí atẹ́gùn gbé wá fọ ìborùn rẹ̀. Ìborùn náà kò mọ́. Ní oṣù kejì wọ́n so ọkàn pupa rẹpẹtẹ mọ́ ara igi, mo rò pé alápatà ló ṣí ìsọ̀ síbẹ̀, mo lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹran, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tí òjò dé, wọ́n ti odò ìwẹ̀ pa, wọ́n ní nítorí òjò. Ẹni tó wà nínú omi tí kò fẹ́ kí omi pa òun!

Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Mo fara mọ́ ọkọ̀ ojú irin yín tí wọ́n ń wọ̀ ní Pira tí wọ́n sì ń sọ̀ ní Pira. Mo fara mọ́ àwọn ilé àlejò tí wọ́n fi páànù bò tán, tí wọ́n tún wá fi koríko bo páànù lórí, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mélòó ni mo fi làágùn kí n tó lè mú koríko kúrò lórí ilé tí a bí ọ sí. Olówó ló ni owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ebè ni n kò fara mọ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní apá kejì tí wọn kò tíì kọ́, katapílà yín kó ilẹ̀ jọ ní òkìtì òkìtì, lẹ́sẹẹsẹ, ó gún régé. Mo dúró lórí kẹ̀kẹ́ mi, mo wò ó, mo ní háà, àwọn èèyàn yìí mọ ebè kọ o! Ilẹ̀ dúdú, tó rọ̀. Mo ní bí iṣu láàbókò bá wọ inú eléyìí, ẹni méjì ni yóò máa gbé iṣu kan. Mo tún kọjá, kò sí ẹ̀bù nínú rẹ̀. Mo tún kọjá nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí. Oorun kò kùn mí mọ́. Ìwọ ọmọ àgbẹ̀, o mọ ohun tí èyí jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ebè tí a bá kọ tí a kò gbìn, olóko ń ṣàìsàn ni. Aládùúgbò kì í sì í béèrè, wọ́n á kó ẹ̀bù wọn wá, wọ́n á gbìn ín fún un, òun á bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dìde. Ọdún tí ẹsẹ̀ mi kán, ta ló gbin iṣu wa? Àwọn ará Bobè, abúlé ẹ̀gbẹ́ wa, ni, a kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Iṣu yẹn lo jẹ ní ọdún tí o wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo lọ bá Sanoussi, ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà páàkì. Mo bi í pé ta ló ni àwọn ebè yìí, ó ní ọ̀gá àgbà ni. Mo ní ṣé ara rẹ̀ yá, ó ní ó ti padà sí ìlú rẹ̀, pé iṣẹ́ dúró, pé wọn kò mọ ìgbà tí yóò dé. Mo mi orí. Ọkùnrin tó kọ ebè tó dára báyìí, tó wá fi í sílẹ̀ nígbà ìgbìn, tó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe àìsàn tó le? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àlejò ni, kò ní ará, kò ní àna lágbègbè wa. Sanoussi náà ọmọ àgbẹ̀ ni, òye rẹ̀ yé e, ó ṣí ìlẹ̀kùn fún wa ní ọ̀sán gangan.

Ẹ̀bù tó dára jù nínú àká wa ni mo kó lọ. Màmá rẹ na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sílẹ̀, ó ń gé e, èmi ń gbìn ín, a sì fi ewé gbígbẹ dé ebè kọ̀ọ̀kan kí oòrùn má baà jó o. Nígbà tí òjò dé, iṣu hù. Ganiath, bí o bá rí i! Ìtàkùn gun igi tí mo rì fún un, ó tún gun pátákó tí ẹ ya àwòrán òtẹ́ẹ̀lì sí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí ọkùnrin yìí bá dé, yóò mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé ní Pira.

Ó dé lóòótọ́. Kò ṣàìsàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sanra, kò kí ẹnikẹ́ni, ó nawọ́, katapílà sì ya wọ inú iṣu nígbà tó kù díẹ̀ kí a wà á. Wọ́n ní òdòdó ni àwọn fẹ́ gbìn sórí àwọn òkìtì yẹn. Òdòdó! Bí wọ́n bá sè é, ṣé yóò jinná? Àwọn àgbà ní bí a bá ṣoore, a kì í lóṣòó tì í. N kò lóṣòó. Mo dìde, mo nu ìdí mi, mo lọ sílé. Mo sọ fún màmá rẹ pé ẹni tó ni ebè ló ni í, bó bá fi oúnjẹ ṣòfò, òun pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀ ni. Nítorí náà, má rò pé ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ó dùn mí ni, kò bí mi nínú.

Ìwọ lo bí mi nínú. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, Élisée ké sí mi, ó ní bàbá Ganiath, ẹ wá wo ọmọ yín nínú fóònù, ó mà wá sí páàkì! Ọkàn mi kọ́kọ́ lù, pé o wá dé ẹ̀gbẹ́ ilé, o kò yà kí wa. Mo gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ní kó dúró, mo tún fìlà mi ṣe, nítorí n kò fẹ́ kí o bá mi láìmúra. Mo kí ọ. O kò dáhùn. Mo tún kí ọ, o ń rẹ́rìn-ín, o ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Mo wá pe orúkọ rẹ. Élisée ní o kò gbọ́ mi. Mo ní báwo ni èmi àgbàlagbà yóò ṣe gbọ́ ọ, tí ìwọ ọmọdé kò ní gbọ́ mi?

O ń sọ Faransé, Élisée ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo àwa tí a dúró. O ní òtẹ́ẹ̀lì ti kan òrùlé. O ní kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí ká lójú ọ̀run ti wà lójú ọ̀nà. O wá lọ dúró sórí ebè wa tí wọ́n ti fọ́, o ní iṣẹ́ ọgbà òdòdó pẹ́ díẹ̀ nítorí pé àwọn kan tí a kò mọ̀ ya wọ ibẹ̀, wọ́n bà á jẹ́. Mo ní kí Élisée tún un sọ. Ó tún un sọ. Àwọn kan tí a kò mọ̀. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ mọ ẹni tó gbin iṣu yẹn, wọ́n sì mọ ẹni tó bí ọ, kò sí ẹni tó wo ojú mi. Élisée fẹ́ tù mí nínú, ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ fídíò náà, pé bí èèyàn ṣe ń yin ọmọ nìyẹn. Mo ní láéláé. Bí àwọn ará ìdí òkè ṣe tẹ àtàǹpàkò lójọ́sí nìyẹn tí ilẹ̀ fi di páàkì.

Má wulẹ̀ sọ fún mi pé o kò mọ̀. Láti ìgbà bàbá bàbá mi ni ilé wa ti ń gbé òkúta kékeré lé ewé tí a fi dé ebè, nítorí atẹ́gùn tó ń ti orí òkè bọ̀. Kò sí ilé mìíràn tó ń ṣe é ní Pira, wọ́n tilẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń gbin òkúta. Ìwọ lò ń ṣa òkúta yẹn nígbà tí o wà ní kékeré, àwọn tó funfun lo máa ń yàn. Nínú fídíò yẹn o bẹ̀rẹ̀, o mú ọ̀kan nílẹ̀. O ń yí i láàárín ìka rẹ, o sì ń sọ pé a kò mọ̀ wọ́n. Mo ní kí Élisée dá a padà kí n tún un wò. Òkúta wa ló wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ yìí. O mọ̀. Ojú bàbá rẹ ló ń tì ọ́ lójú àwọn ọ̀gá rẹ. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìwọ rò pé ilé tìrẹ kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan.

Ìtìjú rẹ ì bá mọ sí ọ̀dọ̀ mi, ǹ bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá Sanoussi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ó ṣílẹ̀kùn fún olè. Chérifath ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ó kí mi láàárọ̀ àná, kò bú mi, ìyẹn ló sì burú jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kan ló sọ ọ́ dà báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kan náà ló lè gbé e padà síbẹ̀. Kí o tó mẹ́nu kan kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀run nínú fídíò tó ń bọ̀, sọ fún wọn pé Affissou ará Pira ló gbin iṣu yẹn, pé bàbá rẹ ni, pé ó rò pé ara ọ̀gá yín kò yá. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pani, wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ẹran.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má dá a dúró o. Ìbínú mi kò ra iyọ̀. Fi díẹ̀ kún un, nítorí àká wa ṣófo, a ó ra ẹ̀bù fún ọdún tó ń bọ̀. Fi oògùn orúnkún sí i, àti bàtà òjò fún èmi, èyí tó ga. Oumar awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá lè gbé wọn bọ̀, má jẹ́ kó jẹun kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, bí ó bá yó, oorun ló máa ń sùn lójú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run gbé ọ ga ju ọ̀gá rẹ lọ. Kí ó fún ọ ní ọkọ rere àti ọmọ. Kí àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́ lójú agbo. Àmín.

Ṣùgbọ́n bí o bá tún dúró níwájú ayé, tí o ní o kò mọ ẹni tó gbin iṣu yẹn, n kò ní bínú mọ́. Màá gbà ọ́ gbọ́.

Èmi ni,
Affissou, àgbẹ̀ ní Pira.