Èèpo Igi Bọ́ọ̀ṣì fún Nókò

Wẹ́sidé, Júùnù 19
Mísíìsì Haverty, tíṣà wa, ní ká kọ orúkọ Látìn tí igi bọ́ọ̀ṣì ń jẹ́, igi funfun tó yí abúlé wa ká yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀: bọ́ọ̀ṣì tó ń ru pépà. Mo sọ fún Nókò, ìyá ìyá mi, lórí ibùsùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Pépà kẹ̀! Pépà nìkan lojú àwọn òyìnbó yìí ń rí. Aṣọ ni, Twyla. Aṣọ méjì ló wọ̀. Tòkè ni tiwa, tinú ni tirẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ tinú ti pa á nìyẹn."
Ó ní òun ò fẹ́ pósí. Èèpo bọ́ọ̀ṣì ni ká fi wé òun sin, bí wọ́n ṣe wé ìyá òun. Kí n bó o nígbà tí sitirọ́bẹ́rì inú igbó bá pọ́n — ìgbà yẹn nìkan ló máa ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.
Mo ní mo gbọ́.

Túsìdeè, Júláì 9
Sitirọ́bẹ́rì ti pọ́n. Ọ́ńkù Delmer, àbúrò Mọ́mì, ló ní ọkọ̀, òun ló mọwọ́ èèpo bíbó. Ó ní "ọ̀la." Lánàá náà, "ọ̀la." Láti òní, Baba Ọ̀la lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Sọ́ńdè, Júláì 14
Ọ̀la.

Tọ́sìdeè, Júláì 18
Wọ́n ti pe Baba Ọ̀la lọ pa iná igbó. Ó ní, "Màmá, ẹ má tíì lọ o, aṣọ yín ò tíì dé." Nókò ní, "Ìwọ ni kó o má jóná. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà lára tìẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Sátidé, Ọ́gọ́ọ̀sì 17
Nókò ò jẹun mọ́. Baba Ọ̀la ò tíì dé. Mo mú ọ̀bẹ tá a fi ń la ẹja, mo lọ bá igi tó tóbi jù létí odò. Mo gbé tábà sídìí ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Mo fà á. Kò ṣí. Ìgbà ti kọjá — mo mọ̀. Mo ki ọ̀bẹ wọnú. Mò ń sunkún, mò ń bú Baba Ọ̀la, mò ń gé. Ó ya bí ojú ìwé. Ó fẹ̀! Ó tó Nókò wé!
Mo yí i padà. Pupa. Ó nípọn, ó tutù. Aṣọ inú ni mo bọ́, yípo yípo.
Igi náà dúró níhòòhò.

Sọ́ńdè, Ọ́gọ́ọ̀sì 18
Mo ha ẹ̀yìn ẹ̀ títí èékánná mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Pupa yẹn ò kúrò. Mo gbé e wọlé bẹ́ẹ̀.
Mọ́mì ní, "Màmá, Twyla ti rí i o!" Ojú Nókò ò ríran mọ́. Ó fọwọ́ pa á. Ó pẹ́. Ó gbóòórùn ìka ẹ̀.
"Gbé e jáde."
Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Nókò.
"Mi ò bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ aṣọ ẹni tí wọ́n pa torí aṣọ. Kí ni màá sọ fún ìyá mi?"
Mo gbé e jáde.

Túsìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 27
Nókò lọ láàárọ̀ yìí.

Tọ́sìdeè, Ọ́gọ́ọ̀sì 29
Pósí pákó. Ọ́ńkù Delmer ló kàn án. Òórùn iná igbó ṣì wà lára ẹ̀. Kò wojú mi, èmi náà ò wojú ẹ̀.
Láṣà wa, iná òkú gbọ́dọ̀ máa jó fọ́jọ́ mẹ́rin, títí Nókò á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀ tó ti lọ. Igi ń tán lọ. Ọ́ńkù ní, "Mú mi débẹ̀." Ó dúró lábẹ́ bọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ń wò ó.
"Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ pa á," ó ní. Ó gbé àáké.
Èmi ni mò ń ṣọ́ iná lọ́sàn-án yìí. Bọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń jó, igi tútù. Èéfín ṣáá. Omi ń hó jáde lẹ́nu ẹ̀, kò fẹ́ jó. Mọ́mì ní kí n lọ mú igi gbígbẹ wá nílé àwọn ará ibí. Mi ò lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo kọ ìlà kan sínú ìwé yìí, mo fẹ́ iná. Mo kọ òmíràn, mo fẹ́ ẹ.
Nókò ṣì wà lójú ọ̀nà.